Apá Àgùntàn tí Màmá Gbé Kọjá Bodè

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín yín ti ń rẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ mi. N kò ní kánjú, kí ẹ̀yin náà má kánjú, nítorí àìsàn yìí fúnra rẹ̀ kì í kánjú wọlé. Ṣe ló máa ń rọra wá bí àlejò tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kí onílé tó mọ̀, ó ti jókòó sí yàrá.

Awakọ̀ ni mí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ń kó gàrí àti ata láti Ìjoun àti àwọn abúlé ẹ̀bá bodè wá sí ọjà Ayétòrò, nígbà mìíràn mo máa ń bá ẹrù dé Ìlaròó. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé bí èèyàn bá wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn á máa ro ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oògùn ara ríro ni mo fi ń gbé ara mi dìde. Mò ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ti sọ fún mi rí ní ìbùdó ìlera pé ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo gba oògùn, mo lò ó, ó tán, mi ò padà lọ gba òmíràn. Kí ni mo fẹ́ gbà á fún? Ara mi le. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, ara mi le.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni ó kọ́kọ́ fara hàn. Ẹ ó rántí bí agbègbè wa ṣe rí nígbà náà. Ọjà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn ilé epo tó súnmọ́ bodè, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ síbẹ̀ mọ́, àwa awakọ̀ wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri bí ẹni tí kànga ìlú rẹ̀ gbẹ. Nínú ìlàkàkà yẹn ni mo ti ń rí i pé bàtà mi kì í gba ẹsẹ̀ mi mọ́ bó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá tọ̀, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ. Oúnjẹ ń rùn sí mi bí irin tó dípẹtà. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru epo tí kò sí.

Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé tíì wá fún mi, ó dúró, kò fẹ́ lọ.

“Bàbá Kúdí, ojú yín wú.”

“Oorun ni.”

“Oorun kì í wọ ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Ṣé ẹsẹ̀ náà sùn ju bó ṣe yẹ lọ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ egungun ojúgun mi, ó yọ ọ́, ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò sì padà. Àwa méjèèjì jọ ń wo ihò kékeré yẹn. Ọjọ́ kejì ni a lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlà ilé ìwòsàn lé yín padà sílé. Èmi náà fẹ́ padà. Èèyàn pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sórí gbòǹgbò igi níta. Obìnrin kan tó wà níwájú mi tí kò mọ̀ mí rí gé àkàrà rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì, ó ní, “Ẹ gbà, ìyekan. Ẹni tí kò bá jẹun níbí, ibùsùn ni wọ́n ń bá a wá.” Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n ní kí n padà wá, mo padà wá. Dókítà náà kò dàgbà tó àkọ́bí mi. Ó wo ìwé èsì, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, kíndìnrín yín ti rẹ̀ gan-an. Kò tíì kú o. Bí ẹ bá ṣìkẹ́ èyí tó kù, á bá yín pẹ́.” Ó ní kí n máa lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ikú gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni, nítorí mo mọ ọkùnrin kan ní Ayétòrò tí ẹ̀rọ yẹn jẹ gbogbo ohun tó ní kó tó lọ. Mo ta ọkọ̀ mi kí n lè rówó oògùn àti àyẹ̀wò. Nígbà tí ẹni tó rà á wà á jáde ní ojúlé wa, mo wọ yàrá lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ẹbí gbọ́, ẹbí dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ẹ̀gbọ́n Mùsà, gbé ìgò àgbo wá, ó dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

“Mu èyí, kó o gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má mu àgbo. Wọ́n ní ó le fún kíndìnrín.”

“Wọ́n ní, wọ́n ní! Ṣé dókítà ló bí ẹ ni?”

Ìyá wa ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjoun ló ń gbé nígbà náà, ó wá kí mi, ó jókòó sórí ẹní ó ń gbọ́ wa. Ó ní, “Mùsà, dókítà kò bí i, èmi ni mo bí i. Èmi tí mo bí i ni mo wá sọ pé ohun tí dókítà bá ní kó jẹ ni yóò jẹ. Gbé ìgò rẹ.” Ẹ̀gbọ́n Mùsà gbé ìgò rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí wa tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà pátápátá, ìyá mi ni.

Ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn. Ó ní ẹ̀rín lẹ́nu.

“Bàbá, oúnjẹ wo lẹ fẹ́ràn jù?”

“Ẹ má bi mí. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi ni.”

“Ẹ sọ ọ́ ná.”

“Ẹran àgùntàn.”

“Mi ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa jẹ ẹ́.”

Inú mi dùn débi pé mo yí padà wá ìyàwó mi kí òun náà lè gbọ́ ọ. Obìnrin náà wá na ìka rẹ̀ méjì, ó ní kí ẹran náà má ju ìyẹn lọ, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Kó jẹ́ ẹran tútù. Kí a gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kí a bọ̀ ọ́, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a tún bọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí magí. Àlùbọ́sà, atalẹ̀, ẹ̀fìnrìn, omi ọsàn wẹ́wẹ́, àwọn yẹn ni kí a fi mú un ta sánsán. Ìyá Kúdí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tinútinú. Èmi, ẹ má bínú, “ẹ máa jẹ ẹ́” ni etí mi gbé délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹran àgùntàn jẹ́ nílé wa. Mùsùlùmí ni wá, ìyá mi sì sin àgùntàn títí orúnkún rẹ̀ kò fi gbà á láyè mọ́. Ọmọ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹran Iléyá nínú àwo nílé wa. Ìyá wa ló ń mú un níkọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí àbúrò, á fi lé ọmọ lọ́wọ́, á sì dúró máa wò ó títí ọmọ á fi gbé e mì. A ti hu irùngbọ̀n, a ti bímọ, síbẹ̀ bó bá ti kan Iléyá, a ó tò síwájú rẹ̀, a ó tẹ́wọ́. Àwọn ìyàwó wa á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ tí mo ti Abẹ́òkúta dé ni mo pè é lórí fóònù. “Màmá, wọ́n ní mo lè jẹ ẹran àgùntàn o!” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ títí. Mi ò sọ ti ìka méjì fún un. Mi ò sọ ti ẹran tútù. Ìròyìn ayọ̀ ni mò ń fún ìyá mi, mi ò fẹ́ kí “ṣùgbọ́n” kankan wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yẹn ló rán an níṣẹ́, títí di òní ni mo sì ń gbọ́ ọ létí ara mi.

Ìyá Kúdí ń se oúnjẹ mi bí wọ́n ṣe wí. Wíwú ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀. Ojú mi padà sí ojú mi. Ṣùgbọ́n oúnjẹ aláìníyọ̀ máa ń sú èèyàn, mo sì gbẹ dànù. Ìgbàkígbà tí ìyá mi bá rí mi, á di ọrùn ọwọ́ mi mú, á wọ̀n ọ́n wò láàárín ìka rẹ̀.

Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e dé, bodè ṣì wà ní títì, a sì tún ń fi aṣọ bo imú nítorí àìsàn tó gbòde nígbà náà. Àgbò di ohun tí a ń wò lókèèrè. Àǹtí ìyá mi, Ìyá Kétu, ń sin àgùntàn lódìkejì bodè. Ọdọọdún ló máa ń fi apá àgùntàn kan ránṣẹ́ sí wa, ọlọ́kadà kan á gbé e wá. Lọ́dún yẹn, kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ fojú kan kọ́sítọ́ọ̀mù nítorí apá àgùntàn. Ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba ọ̀nà inú igbó lọ fúnra rẹ̀.

Ó débẹ̀, ó gba apá àgùntàn, ó fẹ́ padà, ṣọ́jà ti dí ọ̀nà. Ó dúró títí wọ́n fi dín kù lójú ọ̀nà. Ẹran kì í sì í dúró de ṣọ́jà. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo ìyá wa máa ń ṣe, ó fi iyọ̀ òbu pa á lára dáadáa, ó sì yan án lórí iná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ iyọ̀ òbu. Iyọ̀ tó rí bí eérú ni, àwọn tó ń ta ewé àti egbò ló ń tà á, inú àgbo ni wọ́n ń jù ú sí. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í kà á kún iyọ̀ ọbẹ̀. Oògùn la kà á sí.

Ọ̀sán ni ó wọlé, òjò ti pa á, orúnkún rẹ̀ kan wú nítorí pé ó ṣubú lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìyá Kúdí ti lọ sí Ìbẹsè, ọmọ wa tó bímọ síbẹ̀ ló lọ bá tọ́jú ìkókó. Mo pariwo.

“Màmá! Ibo lẹ ti ń bọ̀ báyìí?”

“Jẹ́ kí n jókòó ná, Àkànní. Ṣọ́jà náà ń kí mi ní Faransé. Mo ní, ọmọ mi, àgùntàn yìí kò gbọ́ Faransé, Yorùbá ló ń ké.”

“Wọ́n rí yín?”

“Wọ́n rí mi. Wọ́n ní kí màmá máa lọ. Ta ni yóò jí mi gbé, pẹ̀lú orúnkún yìí?”

Ó tú ẹrù rẹ̀. Òórùn ẹran yíyan gba gbogbo ilé. Ó ya ègé kan lára rẹ̀ tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó sì dúró síwájú mi. Ó béèrè, ẹ jẹ́ kí n fi tirẹ̀ fún un, ó béèrè: “Ṣé wọ́n ṣì gbà kó o jẹ ẹ́?”

Mo ní, “Wọ́n gbà, Màmá.”

Irọ́ kọ́ ni. Wọ́n gbà. Mo tẹ́wọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ń wò mí. Ahọ́n mi gbọ́ iyọ̀ òbu náà kí n tó jẹ ẹ́ délẹ̀. Inú mi ní iyọ̀ òbu kì í ṣe iyọ̀. Iyọ̀ ni èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì wo obìnrin tó dúró síwájú mi, òjò ṣì ń kán lára gèlè rẹ̀. Ẹni wo ni yóò tu ẹran yẹn dànù? Mo gbé e mì. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Láàárọ̀ ó tún fún mi, lálẹ́ ó tún fún mi. Mo jẹ ẹ́ títí apá àgùntàn náà fi ku egungun.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹsẹ̀ mi wú, ikùn mi wú. Bí mo bá dùbúlẹ̀, èémí kì í wọlé, ìjókòó ni mo ń sùn. Ìyá Kúdí sáré ti Ìbẹsè dé, wọ́n sì gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta.

Wọ́n fi nǹkan sí mi nímú tí mo fi ń mí, mi ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ dé, ó béèrè ohun tí mo jẹ. Ìyá mi ló dá a lóhùn, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé òun pa òfin mọ́.

“Èmi ni mo bọ́ ọ, ọmọ mi. Ẹran àgùntàn tí ẹ ní kó jẹ náà ni.”

“Màmá, ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀?”

“Iyọ̀ kẹ̀! Ọwọ́ mi kò kan iyọ̀. Iyọ̀ òbu ni mo fi pa á lára, kó má baà rà.”

Obìnrin náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó rọra di ọwọ́ ìyá mi mú, ó ní, “Màmá, iyọ̀ náà ni. Lójú kíndìnrín, ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Ìyá mi wo mí. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, pé ahọ́n mi gbọ́ ọ, pé èmi ni mi ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èémí kò gbà mí láyè. Ẹ̀gbọ́n Mùsà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló sọ̀rọ̀: “Àgbo tí mo gbé wá, ẹ ní á pa á. Ẹ wá wo ohun tí ẹ gbé wá.” Ìyá Kúdí ní kó jáde. Ìyá mi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ.”

Ẹ̀rọ tí mò ń sá fún, wọ́n gbé mi sórí rẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀ ara mi bó ṣe ń jáde gba inú rọ́bà lọ, tó sì ń padà wá. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ohun tó ń dùn mí ni ìyá mi tó jókòó síta, tí kò gbà kí wọ́n gbé oúnjẹ fún òun. Ọlọ́run ṣàánú mi, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ìtọ̀ mi padà, wọ́n sì yọ mí kúrò lórí ẹ̀rọ nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ tí a jọ wà níbẹ̀ kò rí èyí gbà. Mi ò mọ ohun tí mo fi sàn jù wọ́n lọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Iyọ̀ òbu, iyọ̀ ni. Kán-ún kò sàn jù ú lọ, magí kò sàn jù ú lọ, ẹja oníyọ̀ kò sàn jù ú lọ. Ẹran àgùntàn kọ́ ló pa mí lára. Ohun tí a fi sí i ni, àti bí mo ṣe jẹ ẹ́ pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n bá sì ń sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún yín, ẹ mú ẹni tó fẹ́ràn yín jù dání, kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó kórìíra yín kò ní gba inú igbó kọjá bodè láti bọ́ yín.

Wọ́n ti ṣí bodè tipẹ́. Ara mi wà bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín mi kò padà sí bó ṣe wà, wọ́n ní kò ní padà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lójoojúmọ́, mò ń lọ fún àyẹ̀wò, mi ò fọwọ́ kan oògùn ara ríro mọ́, nítorí wọ́n ní ó wà lára ohun tó ba kíndìnrín mi jẹ́. Mi ò lè wa ọkọ̀ akẹ́rù mọ́, ṣùgbọ́n mò ń bá àwọn awakọ̀ tò èrò ní gáréèjì.

Ìyá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, léraléra, pé ẹ̀bi tèmi ni. Á ní, “Mo gbọ́, Àkànní,” á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà kò jẹ ẹran àgùntàn mọ́, òun tó fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Bí Iléyá bá dé, á fi ẹran lé àwọn yòókù lọ́wọ́. Bó bá kàn mí, á gbé àwo sílẹ̀, á ní kí Ìyá Kúdí fún mi. Ó ní ọwọ́ òun kò mọ́ fún mi mọ́. Èyí ló ń jí mi lójú oorun, kì í ṣe kíndìnrín.

Iléyá tó kọjá yìí, èmi ni mo se ẹran náà. Ẹran tútù ni. Mo gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù, mo tún bọ̀ ọ́, mo fi atalẹ̀ àti ẹ̀fìnrìn sí i, ìyá mi sì jókòó nítòsí, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Mo gé e kéékèèké. Mo mú ọ̀kan, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì dúró máa wò ó.

“Kí lò ń wò?” ló wí.

“Títí ẹ ó fi gbé e mì ni.”

Ó gbé e sí imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

“Kò dùn,” ni ó wí.

“Ẹ gbé e mì ná, Màmá.”

Ó gbé e mì. Ó wá na ọwọ́ sínú àwo, ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀ méjì, ó wọ̀n ọ́n wò. Mo tẹ́wọ́.